Ìyá Tinúadé Ń Lọ sí Íńdíà

Ìdí-Ìṣin,
lẹ́bàá Ọdẹ́dá, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù kẹsàn-án, 1976.

Tinúadé Àṣàkẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òjò, mo kí ọ kú ìyá rẹ tí o rántí. Ṣé ara rẹ le bí ọta? Ṣé Lucy tí ẹ jọ ń gbé yàrá wà dáadáa, ṣé ó ṣì ń hanrun? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí àwọn lọ́rì gìrìwò tó ń lọ tó ń bọ̀ níwájú ilé iṣẹ́ yín ní Ìsọlọ̀ fara kàn ọ́, kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lọ́nà. Ẹ̀rọ tó ń hun aṣọ kò ní hun ìka rẹ mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé o ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta pé ìwé lo ń tẹ̀ ní ọ́fíìsì, pé o kì í dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ náà rárá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ ń jẹ́, àdúrà kì í sì í pọ̀ jù. Bí o bá ń bèèrè àwa náà, a wà. Bàbá rẹ wà, orúnkún wọn nìkan ni kò fẹ́ wà. Ewúrẹ́ funfun ti bímọ, ìbejì ni, akọ kan, abo kan, abo náà ti mọ ojú mi.

Tinúadé, n kò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ré kọjá lọ́hùn-ún ni lẹ́tà rẹ dé, Táòfíkì onílọ́rì ló bá mi gbà á ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Abẹ́òkúta. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti ṣe tán ní ẹ̀kọ́ àgbà, n kì í gbé lẹ́tà mi fún ẹnikẹ́ni kà mọ́. Èmi fúnra mi ni mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ń fi ìka tọ́ ọ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀. O kí wa, mo jẹ́ ẹ. O ní òjò ń rọ̀ ní Ìsọlọ̀, mo ní kú òtútù. Ìgbà náà ni mo dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé kí n bá ọ yọ̀, pé ọ̀gá yín, ará Íńdíà, jẹ́ ẹ̀jẹ́ nígbà tí wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun, pé bí ẹ̀rọ náà bá ṣiṣẹ́ ọdún kan gbáko láìbàjẹ́, òun yóò kó ènìyàn méjìlá láti ilé iṣẹ́ lọ sí ìlú òun ní ìparí oṣù yìí, wọn yóò fi bọ́ọ̀sì rin ìrìn-àjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láti ibi mímọ́ kan dé ibi mímọ́ kejì, wọn yóò dé odò mímọ́, wọn yóò gun òkè lọ sí àwọn ìlú kan tó dákẹ́ rọ́rọ́. O ní ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. O ní ọwọ́ rẹ ti tẹ àyè kan nínú méjìlá.

Ibẹ̀ ni mo kà dé. Omi bo ojú mi, n kò rí lẹ́tà mọ́, mo ká a, mo fi í sínú Bíbélì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó láìsí onílù. Ọmọ mi ń rán mi lọ sí ibi mímọ́! Kí ni mo tún ń wá nínú ìyókù lẹ́tà? Ta ni kò mọ bí wọ́n ti ń ṣe é? Láti ìgbà tí owó epo ti dé, tí ìjọba sì ti san owó Údójì tí wọ́n fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ọmọ tó bá rí ṣe ní Èkó, òbí rẹ̀ ló ń rán lọ sí ibi mímọ́. Ọmọ wo ni ọwọ́ rẹ̀ yóò tẹ àyè bẹ́ẹ̀ tí yóò gbé e fún ara rẹ̀, tí yóò fi ìyá tó bí i sílẹ̀? Kì í ṣe ọmọ tèmi.

Wò ó, Àjọkẹ́ ìyá Mísbáù tí a jọ ń gbé òdìkejì ara wa, ṣé o rántí pé ọmọ rẹ̀ tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Èjìgbò ti Èkó, lẹ́bàá yín níbẹ̀, rán an lọ sí Mẹ́kà léṣìí? Láti ìgbà tó ti dé, kò sí ẹni tó ń pè é ní Àjọkẹ́ mọ́, Àlájà ni, Àlájà náà ni. Eyín wúrà kan ti wọ ẹnu rẹ̀, kì í sì í pa ẹnu dé mọ́, àní ó ń rẹ́rìn-ín sí àgùntàn. Ní ibi ìsọmọlórúkọ tí a lọ lóṣù tó kọjá, àga onítìmùtìmù ni wọ́n gbé fún un, bẹ́ńṣì ni wọ́n gbé fún èmi, bẹ́ńṣì náà sì mì. Ọ̀rẹ́ mi ni o, odò kan náà la jọ ń pọn láti kékeré, n kò jowú. Mo kàn ń sọ fún ọ pé bẹ́ńṣì náà mì ni.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, mo ti sọ fún gbogbo Ìdí-Ìṣin. Bàbá Olúbọ̀wálé, olùkọ́ ìjọ wa, kọ́kọ́ fajú ro, wọ́n ní Íńdíà kọ́ ni Jerúsálẹ́mù. Mo ní kí wọ́n wo inú Bíbélì bóyá ó wà níbẹ̀. Wọ́n wò ó títí fìtílà fi fẹ́ kú, wọ́n sì rí orúkọ Íńdíà lẹ́ẹ̀mejì gédégédé. Wọ́n ní bí Bíbélì bá ti dárúkọ ìlú kan, kò lè burú jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sódómù náà wà níbẹ̀. N kò fẹ́ràn gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́. Odò mímọ́ tí gbogbo ènìyàn ń wẹ̀ nínú rẹ̀, kí ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe Jọ́dánì, tàbí àbúrò rẹ̀? Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣe ìpàdé lórí orúkọ tí wọn yóò máa pè mí bí mo bá dé, nítorí ẹni tó lọ sí Mẹ́kà ni Àlájà, ẹni tó lọ sí Jerúsálẹ́mù ń kọ JP sẹ́yìn orúkọ rẹ̀, a kò sì mọ ti ará Íńdíà. A fi ọ̀rọ̀ náà tì sí Ìyá Íńdíà fún ìgbà díẹ̀ ná.

Mo bi Táòfíkì ní ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì yóò gbà, nítorí awakọ̀ ni, kò sí ibi tí kò dé. Ó ronú, ó fi igi fa ilẹ̀, ó ní òun ti kó obì dé Màídúgúrì rí, òun kò sì bá Íńdíà pàdé lọ́nà, nítorí náà ẹ̀yìn Màídúgúrì ni yóò wà. Ó ní kí dírẹ́bà yín yẹ táyà wò dáadáa kó tó dé Jẹ́bà, ó ní bí ẹ bá ti kúrò ní Màídúgúrì, kí ẹ sáà máa bèèrè. Nítorí pé ọ̀nà jìn, mo ti di làfún kóńgò mẹ́ta, mo di gàrí, mo di ẹja gbígbẹ, mo di kókóró àti àádùn tí a ó máa jẹ nínú ọkọ̀, kí àwọn tí a jọ ń lọ má baà rò pé ilé òfo ni mo ti wá.

Fọ́ọ̀mù tí o fi sínú àpòòwé, mo ti kún un. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sí i, nítorí náà mo gbé e lọ bá Àyànníyì, ọmọkùnrin tó ń fún wa lóògùn ní dísípẹ́ńsárì, ó ń kà, mo ń dáhùn. Ó bèèrè orúkọ arìnrìn-àjò, mo ní Ọládùnní. Ó bèèrè ọdún tí wọ́n bí mi, mo ní ọdún lúkúlúkú, ọdún tí àìsàn pa ènìyàn lọ bẹẹrẹ, ó ní fọ́ọ̀mù kò gba lúkúlúkú, ó kọ 1918 sí i. Ó ní ṣé mo ti lọ́kọ tàbí n kò tíì lọ́kọ, mo ní ẹni tó ń fi òróró ra orúnkún Bàbá Tinúadé ní alaalẹ́ ni wọ́n ń bi bẹ́ẹ̀. Ó ní àmì wo ni wọ́n lè fi dá mi mọ̀, mo fi àpá iná tó wà ní apá mi hàn án, mo sì ní kí ó fi kún un pé mo máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó ní wọ́n fẹ́ kí òbí arìnrìn-àjò fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà yà mí lẹ́nu, nítorí àwọn òbí mi ti lọ sọ́run tipẹ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé ìlú tó ní ẹ̀kọ́ ni Íńdíà, wọ́n mọ̀ pé ènìyàn kì í dàgbà ju òbí rẹ̀ lọ. Mo gbé fọ́ọ̀mù náà lọ bá Bàbá Akínbọ̀wálé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n bi mí bóyá ọkọ mìíràn ni mo tún fẹ́ lọ fẹ́. Mo ní rárá, odò ni mo fẹ́ lọ wò. Wọ́n ní bó bá jẹ́ odò ni, àwọn gbà, wọ́n sì tẹ àtàǹpàkò wọn mọ́ ọn, ó dúdú minimini, ó gba ìlà mẹ́ta.

Fọ́tò pélébé tí wọ́n ní kí a lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù, Abẹ́òkúta ni mo lọ yà á. Mo wọ aṣọ òfì mi, mo gbé báàgì dání, mo wọ bàtà tí o rà fún mi ní Kérésìmesì, àfi ìgbà tí ayafọ́tò ní orí àti èjìká nìkan ni òun ó yà. Mo bi í pé ṣé orí nìkan ló ń lọ ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. A jìjàdù díẹ̀, ó borí, ṣùgbọ́n mo gbé báàgì náà sókè sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, etí rẹ̀ hàn. Àyànníyì ní ẹni tó ń lọ sókè òkun gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́, mo sì ní kó fún mi, apá mi wú bí iṣu, n kò sunkún.

Àná ni ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ìdágbére fún mi. Wọ́n pè mí síwájú, wọ́n gbàdúrà lé mi lórí, wọ́n fún mi ní áńkáṣíìfù funfun tuntun, wọ́n sì kọrin sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ìgò mẹ́rìnlá ló ti wà nínú yàrá mi báyìí, ti àwọn tó fẹ́ kí n bá wọn bu omi odò náà. Ìyá olórin wa gbé kẹ́ẹ̀gì wá, mo sọ fún un pé ojú kòkòrò ni. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo sọ fún wọn pé n ó gbéra, n ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Láfẹ́nwá, n ó bọ́ sílẹ̀ ní Òṣòdì, kí n lè sinmi lọ́dọ̀ rẹ fún ọjọ́ díẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó lọ. Tinúadé, n kò tíì kọjá Òṣòdì rí láyé mi. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo kàn ń rìn káàkiri inú ilé ni.

Ọjọ́bọ̀, 16.

N kò tíì fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́, nítorí ọkọ̀ Táòfíkì ń ṣàìsàn. Mo sì dúpẹ́ pé ó ń ṣàìsàn.

Ní òwúrọ̀ yìí, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ṣí Bíbélì, mo mú lẹ́tà rẹ jáde, kí n lè wo aago tí bọ́ọ̀sì yóò gbéra ní Ìsọlọ̀. Ìgbà náà ni mo rí i pé lẹ́tà náà ní ẹ̀yìn.

Mo kà á tán lẹ́ẹ̀mejì. O ní ilé iṣẹ́ sọ pé ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ kò lè bá wọn lọ àfi bí òbí rẹ̀ bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. O ní fọ́ọ̀mù náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, bí kò bá dé, wọn yóò gbé àyè rẹ fún ẹlòmíràn. O ní o mọ̀ pé ẹ̀rù yóò bà mí, o ń bẹ̀ mí kí n má ṣe sọ pé rárá, o ní láti ìgbà tí o ti gbọ́ ọ ni o kò ti sùn dáadáa, pé o kò tíì fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ojú tì mí, Tinúadé. Ojú tì mí débi pé mo wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń wò mí. Ọmọ ewúrẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó sì dùn mí, n kò ní purọ́ fún ọ, ó dùn mí fún ìwọ̀n ìgbà tí omi fi ń hó lórí iná. Mo wo àwọn ìgò náà. Mo wo apá mi tó wú. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́, èmi sì ti fi tèmi lélẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún wo fọ́ọ̀mù, tí mo rí àtàǹpàkò Bàbá Akínbọ̀wálé gẹ́gẹ́ bí òbí arìnrìn-àjò, ẹ̀rín bú lẹ́nu mi, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Ayọ̀ abara bíńtín ló ṣe mí, ọmọ mi. Mo lọ sọ fún bàbá rẹ. Wọ́n ní láti ọjọ́ Ẹtì yẹn ni àwọn ti ń fura, nítorí bó bá jẹ́ òbí ni Tinúadé ń rán, kò ní ṣàìdárúkọ àwọn, ṣùgbọ́n ijó tí mo ń jó pọ̀ jù, àwọn kò fẹ́ dá a dúró.

Àlájà ló wọlé bá mi níbi tí mo ti ń nu ojú. N kò lè fi pamọ́ fún un, mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo sì dúró kí ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín o, eyín wúrà náà tàn yanran. Lẹ́yìn náà ló fa àpótí súnmọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé ní ọjọ́ tí àwọn wọ bàálù, ojú ni òun dì láti Ìkejà títí àwọn fi balẹ̀, òun kò sì là á nígbà tí àwọn ń bọ̀. Gbogbo ìtàn tó ń sọ fún wa nípa àwọsánmà tó dà bí òwú, ẹnu Mísbáù ọmọ rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, nítorí Mísbáù ti wọ bàálù dé Kánò rí. Ó ní ìgbà tí àwọn ènìyàn bèèrè, òun kò fẹ́ já wọn kulẹ̀. Láti léṣìí ni mo ti ń jowú ojú dídì! A rẹ́rìn-ín títí bàbá rẹ fi bèèrè ẹni tó kú. Àlájà ló gbà mí nímọ̀ràn tí n ó sọ fún ọ yìí, nítorí náà má ṣe bá mi jiyàn.

Èkíní ni fọ́ọ̀mù. Mo tún gbé e lọ bá Àyànníyì. Ó ní yíǹkì kì í parẹ́. Mo ní kó fa ìlà sí orí orúkọ mi, kó kọ tìrẹ sí òkè rẹ̀. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Ó dá mi lójú, ṣùgbọ́n nígbà tó ń fa ìlà náà, mo wo ìta. A yọ 1918 lúkúlúkú kúrò, a fi ọjọ́ ìbí rẹ sí i, a fa ìlà sí ọ̀rọ̀ ọkọ àti àpá iná náà, mo sì ṣí fọ́tò mi kúrò kí o lè lẹ tìrẹ mọ́ ọn. Ní ibi tí òbí ń fọwọ́ sí, mo gba kálámù lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ Ọládùnní sí abẹ́ àtàǹpàkò Bàbá Akínbọ̀wálé, èmi fúnra mi, ó gùn díẹ̀ ju ìlà lọ. Bí ọ̀gá yín bá bèèrè ẹni tó ni àtàǹpàkò, sọ fún un pé olórí ẹbí ni, ọ̀ràn kékeré kọ́ ni kí ọmọ wa rìn jìnnà bẹ́ẹ̀. Táòfíkì ti tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, ó ń kó iṣu lọ sí Òṣòdì láàárọ̀ ọ̀la, òun ni yóò fi lẹ́tà yìí àti fọ́ọ̀mù náà lé ọ lọ́wọ́ ní ẹnu geeti ilé iṣẹ́ yín. Má fi í falẹ̀, gbé e fún ọ̀gá lọ́jọ́ kan náà.

O ní kí ẹ̀rù má bà mí. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. O kọ ọ́ pé ẹ̀sìn Híńdù ni ti àwọn tó ni odò náà, pé Jọ́dánì kọ́, Gánjíìsì ni wọ́n ń pè é. Mo rò ó títí. Bí Àlájà bá ṣe ọdún Iléyá, ẹran rẹ̀ la ń jẹ, a kò torí rẹ̀ di mùsùlùmí. Ìwọ ń lọ wo ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń gbàdúrà ni. Bí wọ́n bá bọ́ bàtà, bọ́ tìrẹ. Bí wọ́n bá dákẹ́, dákẹ́. Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn ni yóò máa sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Bàbá Olúbọ̀wálé kò tíì gbọ́ ti Gánjíìsì, fi wọ́n sílẹ̀ fún mi, n ó wá ọjọ́ tí wọ́n bá jẹun yó.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ẹ̀yìn lẹ́tà náà ni àwọn ohun tí o ní ọ̀gá yín sọ fún yín. Ṣé lóòótọ́ ni màlúù ń rìn lójú títì níbẹ̀ bí ọlọ́jà, tí ẹnikẹ́ni kì í nà án? Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ màlúù tó jẹ gbágùúdá wọn? Bá mi bèèrè. O ní ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ènìyàn ń tan àtùpà kékeré, wọ́n ń gbé e lé orí ewé pẹ̀lú òdòdó, wọ́n ń jẹ́ kí odò gbé e lọ. Mo sọ èyí fún bàbá rẹ, wọ́n ní àwọn ìbá fẹ́ rí i. O tún ní ní ìlú orí òkè yẹn, kùrukùru ń gba ojú fèrèsé wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Mú súwẹ́tà, ọmọ mi, mú méjì. Bí kùrukùru bá bò yín, ẹ máa pe orúkọ ara yín títí ẹ ó fi rí ara yín. Inú bàálù tí o ní ẹ ó wọ̀ kí ẹ tó bá bọ́ọ̀sì níbẹ̀, má di ojú, ẹnì kan gbọ́dọ̀ là á nínú ẹbí àti ará àdúgbò wa.

Ní tèmi o, a ti dágbére fún mi, n kò sì lè máa rìn káàkiri Ìdí-Ìṣin lọ́jọ́ Àìkú bí ẹni tí a sin lọ tí kò lọ. Nítorí náà, mò ń bọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, n ó bọ́ sílẹ̀ ní téṣàn Òṣòdì, kí ìwọ tàbí Lucy wá pàdé mi, n kò ní dá títì yẹn sọdá láéláé. Yàrá yín ní Ìsọlọ̀ ni n ó wà títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yín yóò fi pé. Mísbáù yóò máa ti Èjìgbò wá yọjú sí mi, Àlájà ti ní òun ó kìlọ̀ fún un kó pa ẹnu mọ́. Èmi náà yóò rin ìrìn-àjò tèmi. Lucy yóò mú mi lọ wo àwọn ilé alátẹ̀gùn ní Ire-Akari, yóò mú mi lọ sí ẹnu geeti ilé iṣẹ́ yín kí n gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń dún. Ìwọ yóò wà níbi tó dákẹ́ rọ́rọ́, èmi yóò wà níbi tí kò dákẹ́ rí. Bí o bá dé, kí o jókòó tì mí, kí o rò ó fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n tó padà sílé. Ní ti ìgò, mẹ́rìnlá kò lè bá ọ wọ bàálù, ọ̀kan péré ni kí o bù wá, a ó bù ú sínú ìyókù, a ó fi omi òjò Ìsọlọ̀ là á. Omi tó bá ti fara kan omi, omi kan náà ni.

Ó wá ku owó. Fi owó ọkọ̀ rán Táòfíkì sí mi, kí o fi díẹ̀ lé e nítorí làfún mi tó ti lọ sínú ẹrù. Fún Lucy ní owó oúnjẹ mi, má ṣe fún mi, n ó tọ́jú rẹ̀ ni, n kò ní ná an. Ra òróró orúnkún fún bàbá rẹ, bí àwọn ará Íńdíà bá ní èyí tó lágbára. Kí o sì bá mi ra aṣọ gígùn tí àwọn obìnrin wọn ń wé mọ́ra láìrán, kí ó jẹ́ aláwọ̀ omi.

Ọ̀nà tí o fẹ́ rìn yóò mọ̀ ọ́ bí ìyá ti ń mọ ọmọ. Bọ́ọ̀sì yín kò ní ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀ lórí òkè. Ènìyàn méjìlá ni ẹ ó lọ, ènìyàn méjìlá ni ẹ ó bọ̀, ẹ ó sì sanra díẹ̀. Ojú rẹ yóò rí ohun tí ojú mi kò rí, ti ọmọ rẹ yóò rí ju tìrẹ lọ. Àmín.

Nǹkan kan ló kù, mo fẹ́ kí o ṣe é fún mi, nítorí bí wọ́n bá bi mí nílé bóyá mo dé ibẹ̀, n kò fẹ́ purọ́, àgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Bí ẹ bá dé etí odò náà, bọ́ bàtà rẹ. Fi ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ omi, kí o bá Ọlọ́run rẹ sọ ohun tí ìwọ ń fẹ́. Lẹ́yìn náà, fi ẹsẹ̀ òsì bọ̀ ọ́, má sọ nǹkan kan, má kánjú, jẹ́ kí omi náà tutù dé egungun. Inú mi ni ẹsẹ̀ yẹn ti jáde. Tèmi ni.

Ìyá rẹ,
Ọládùnní.